Àkùkọ Ìjọba ní Àgbàlá Wa

Ní ọdún tí ìjọba gbé àkùkọ wá fún wa kí a lè là, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ ni. Ilé àwọn Alfa ni, ní Ìlọrin, kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Baba ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ìyá ọkọ mi ń ṣe òrí tà, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, níbi tí wọ́n ti ń tún irin ojú ọ̀nà ṣe. Iṣẹ́ rélùwéè yẹn gan-an ni bàbá mi gbọ́ tó fi tètè gbà pé kí wọ́n máa mú mi lọ. Ó ní ọkùnrin tí ìjọba ń sanwó fún kò lè fi ebi pa ọmọ òun. Bàbá mi mọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ ìjọba.

Kò pẹ́ tí mo dé ibẹ̀ tí ọjà fi dàrú. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè òkun gan-an. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé owó ti sọnù níbẹ̀. Bí owó ṣe máa sọnù lókè òkun tí ó wá jẹ́ pé àpò àwa ará Ìlọrin ni wọ́n ti ń wá a, ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ìyẹn. Àwọn òyìnbó oníṣòwò tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá tésàn, tí wọ́n máa ń ra òrí lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ti ilẹ̀kùn wọn pa. Àwọn obìnrin á ru igbá òrí lọ, wọ́n á tún rù ú padà, oòrùn á ti yọ́ ọ dà sí wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dá ọkọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé ná, pé wọn yóò ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọkọ mi wá sílé, ó jókòó sórí ẹní, ó ń retí ìránṣẹ́. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán, á gbé orí sókè, á sì tún gbé e sílẹ̀.

Owó-orí nìkan ni kò gbọ́ pé nǹkan ti bàjẹ́. Òun ṣì ń bọ̀ lásìkò rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìjọba gbàgbé wa o. Wọ́n rò ó fún wa. Wọ́n rò ó púpọ̀. Nígbà tí wọ́n rò ó tán, wọ́n ní kí Mọ́gàjí àdúgbò wa kó àwọn baálé jọ sí iwájú ilé rẹ̀, pé òyìnbó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ń bọ̀ wá sọ ọ̀nà àbáyọ fún wa. Àwa obìnrin dúró sẹ́yìn ògiri, a na etí wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni òyìnbó náà, ojú rẹ̀ pọ́n bíi pé wọ́n bó o. Hausa ló fi kí wa. Wọ́n ti kọ́ ọ ní Hausa kó tó dé, wọ́n ní èdè tí gbogbo Òkè Ọya ń sọ ni, Òkè Ọya ni wọ́n sì kà wá mọ́. Ògbufọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ Hausa náà di Yorùbá. Àwọn baálé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ Hausa ju òyìnbó náà lọ fíìfíì. Wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń mi orí ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì nítorí ọ̀wọ̀.

“Òyìnbó ní ẹ kú ìfaradà,” ni ògbufọ̀ wí. “Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan le. Ó ní òun ti yí gbogbo àdúgbò ká, òun sì ti rí ohun tó fa ìṣẹ́ yín.”

Ta ni kò fẹ́ gbọ́ ohun tó fa ìṣẹ́ rẹ̀?

“Ó ní adìyẹ yín kéré.”

Mọ́gàjí rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. “Kí ló kéré?”

“Adìyẹ yín, Mọ́gàjí. Ó ní wọn ò lẹ́ran lára, ẹyin wọn ò sì tóbi. Ìjọba ti kó àwọn àkùkọ ńlá wá láti ìlú wọn. Ilé tí wọ́n bá yàn, wọ́n á gbé àkùkọ kan fún wọn, yóò máa gun àwọn adìyẹ ibẹ̀. Àwọn ọmọ á tóbi, ẹ ó tà wọ́n, ẹ ó sì rí owó-orí san.”

Baba ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, “Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé kò ní yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá dín owó-orí náà kù?”

Ògbufọ̀ wo Baba, ó wo òyìnbó, ó sì sọ̀rọ̀ kúkúrú kan ní Hausa. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó tẹríba fún Baba. Ọ̀kan lára àwọn baálé tó gbọ́ Hausa ló wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìpàdé: ògbufọ̀ ní Baba ń dúpẹ́ ni.

Àṣẹ kan tún wà níbẹ̀. Àkùkọ ìbílẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ kù ní ilé tí àkùkọ ìjọba bá ti wọ̀ àti ní gbogbo ilé tó yí i ká, kó má baà ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ jẹ́. Ni gbogbo àdúgbò bá gbé àkùkọ wọn dé Ọjà-Ọba lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ò tíì rí ọjà tí gbogbo ènìyàn ń tà tí ẹnikẹ́ni kò rà. Owó tí wọ́n dá lé àkùkọ kan lọ́jọ́ náà kò tó ra iyọ̀. Ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. A gbé tiwa padà sílé, a pa á jẹ. Kí n má ṣe aláìmoore, a jẹ ẹran lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ opó, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà àwa àti òun, kò gbé tirẹ̀ lọ. Àkùkọ dúdú kékeré kan ni, kò ju ẹyẹlé tó yó dáadáa lọ. Ó bo agbọ̀n mọ́ ọn ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá bi òun, òun á ní òun ò gbọ́ Hausa.

Ilé wa ni wọ́n yàn ní àdúgbò. Kì í ṣe nítorí pé àwa la tòṣì jù. Wọ́n ní ògiri àgbàlá wa kò wó níbì kankan. Nígbà tí wọ́n gbé àkùkọ náà dé, dógarì kan, ẹ̀ṣọ́ ọba, ló ṣáájú tó ń lé àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà, àpótí tó ní ihò sì tẹ̀ lé e lórí ẹnì kan. Wọ́n ṣí i. Ẹran ńlá ni, mi ò ní purọ́. Funfun báláú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí ọmọ odó, ogbe orí rẹ̀ pọ́n, ó sì wó bo ojú kan. Ó jáde, ó wo àgbàlá wa, ó wo gbogbo wa. Ìyá ọkọ mi ní, “Ó dà bí ẹni pé kò fẹ́ wọ̀ sílé wa.”

Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ń wá wò ó fún ìjọba, ó kàwé, ó ń wọ ṣòkòtò penpe kákì. Bí àwọn tó ń yẹ ìdọ̀tí wò káàkiri ilé ṣe ń jẹ́ wòlé-wòlé, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ òun ní wòlé-wòlé adìyẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kọ́ mi ní ìtọ́jú rẹ̀.

“Ìyàwó, ẹ máa fún un ní ọkà bàbà láàárọ̀, ẹ tún fún un nírọ̀lẹ́. Ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ sí i. Omi tútù ni kó máa mu, kì í ṣe èyí tí oòrùn ti pa.”

Mo ní, “Ọkà bàbà yẹn, ìjọba ló máa gbé e wá?”

Ó wo ilẹ̀. “Ìjọba ti gbé àkùkọ wá. Oúnjẹ ni ìrànlọ́wọ́ tiyín.”

Ẹ wá wò ó. Ọdún tí àwa fúnra wa ń fi omi la kókò mímu kó lè kárí, tí ìyá ọkọ mi ń ní òun ti yó kí oúnjẹ tó dé iwájú rẹ̀, ọdún yẹn ni mo ń fọ́n ọkà sílẹ̀ fún àkùkọ, tí mo sì ń lé àwọn ẹyẹ kí wọ́n má bá a jẹ ẹ́. Ilé rẹ̀ ní òrùlé tuntun. Tiwa ń jò. Bí wòlé-wòlé bá dé, á gbé e sókè, á fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀, á ní, “Ó rù. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀?” Mo máa ń búra pé rárá. Mi ò ní sọ ohun tí mo búra lé lórí.

Ọkọ mi á jókòó sórí ẹní, á máa wò ó. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Nínú gbogbo ilé yìí, ẹyẹ yẹn nìkan ni ìjọba gbà síṣẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tí mo máa wo ojú rẹ̀, òun kò rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo lọ wá nǹkan kan ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí mi ò mọ ohun tí ìyàwó tuntun ń sọ fún ọkọ rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé e wá fún, kò ṣe é. Ó wúwo jù. Bó bá ti súnmọ́ àwọn adìyẹ wa, wọ́n á pariwo, wọ́n á sì fò kọjá ògiri. Ibi tí wọ́n ń bà sí ni àgbàlá ìyá àgbà opó. Ẹ sì mọ ẹni tó wà lábẹ́ agbọ̀n níbẹ̀. Ìyá àgbà á ṣí agbọ̀n díẹ̀, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwọn adìyẹ wa á padà wálé jẹ́jẹ́ bí ẹni tó lọ kí aláìsàn. Kò pẹ́, wọ́n yé ẹyin, wọ́n sàba, wọ́n pa á. Àgbàlá wa kún fún ọmọ adìyẹ. Dúdú ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó kù jẹ́ aláwọ̀ tótòtó, gbogbo wọn kéré bíi ti ìyá wọn. Funfun kankan kò sí níbẹ̀.

Wòlé-wòlé gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó wò wọ́n títí. “Ìyàwó, kí ni mo máa sọ fún òyìnbó?”

“Ẹ sọ pé wọ́n ṣì kéré.”

“Wọ́n dúdú.”

“Oòrùn Ìlọrin ni.”

Ó jókòó sórí òkúta tí a fi ń lọ nǹkan. Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi pé wọ́n ti ń dín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kù, pé bí àkùkọ kò bá bí ọmọ funfun, òun ló máa lọ sílé. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé ìjọba ni òun. Mi ò mọ̀ pé àgbàlá wa gan-an ló ń bọ́ ọ.

Nígbà tí ooru mú, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àkùkọ náà ṣubú lulẹ̀. Ó la ẹnu, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì nà sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Mo da omi tútù sí i lórí, mo ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Wòlé-wòlé wà ní Òkè-Òyì lọ́jọ́ yẹn, níbi tí wọ́n pín àwọn àkùkọ mìíràn sí. Ọkọ mi dìde lórí ẹní, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ pè é. Kí wọ́n tó dé, ọrùn àkùkọ ti ń tẹ̀. Ìyá ọkọ mi sáré lọ pe Baba láàárín àwọn ọmọ kéú.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀bẹ wá. Ó ń kú lọ.”

Baba dé, ó dúró tì í. “Ti ìjọba ni. A ò tíì gbàṣẹ.”

Ìyá ọkọ mi ní, “Kí àṣẹ tó dé, ó ti di òkú ẹran. Ẹ̀yin ni Alfa. Ṣé ẹ ó máa wò ó kó kú tán kí a wá gbé e sọ sí ààtàn, nínú ọdún yìí?”

Baba wò mí. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Ó kọjú rẹ̀ sí kíbíláà, ó ní Bísímíláàhì, ó sì dú u.

A sè é pẹ́. Ẹran rẹ̀ le bí awọ bàtà. A fi sí ọbẹ̀, gbogbo ilé jẹ nínú rẹ̀, a fún ìyá àgbà opó náà ní tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kírun Àsárì tán ni ọkọ mi àti wòlé-wòlé wọlé, eruku bò wọ́n. Wòlé-wòlé rí ìyẹ́ funfun nílẹ̀. Ó jókòó. Ìyá ọkọ mi bu oúnjẹ sí àwo, ó fi itan kan lé e, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, o ò tíì jẹun láti àárọ̀.” Ó jẹ ẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú àwo, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ta ni yóò pa ẹran ìjọba tí ìjọba kò ní gbọ́? Wọ́n fi dógarì pe Baba lọ sí kóòtù Alíkálì, adájọ́ àwa mùsùlùmí. Ẹ̀sùn náà ni pé ó pa dúkìá ìjọba láìgbàṣẹ. Mo tẹ̀ lé ìyá ọkọ mi lọ, a dúró síta, níbi tí a ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú. Òyìnbó àgbẹ̀ kò wá fúnra rẹ̀, ògbufọ̀ ló rán wá, òun àti wòlé-wòlé.

Alíkálì bi Baba bóyá lóòótọ́ ni. Baba ní lóòótọ́ ni. Ó bi í ìdí rẹ̀. Baba ní ó ń kú lọ, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ òun.

Ògbufọ̀ ní, “Ta ló mọ̀ bóyá ojúkòkòrò ẹran ló pa á? Kí wọ́n sọ àwọn tó jẹ ẹ́.”

Baba kì í purọ́, gbogbo Ìlọrin ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá sì dárúkọ wòlé-wòlé, iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà parí nìyẹn. Baba ní, “Gbogbo ẹni tí ebi ń pa níbẹ̀ ló jẹ ẹ́.”

Alíkálì wò yí kóòtù ká. Lójú tèmi, òun náà mọ bí ọkà bàbà ṣe wọ́n tó lọ́dún yẹn. Ó ní ẹran tí ó ń kú lọ, tí mùsùlùmí dú kó tó kú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí Baba máa lọ sílé, kó máa ṣe àdúà fún ìjọba. Baba ní òun á ṣe é. Mo gbà pé ó ṣe é, nítorí ìjọba gan-an ló nílò rẹ̀.

Wọn ò gbé àkùkọ mìíràn wá fún wa. Àwọn ọmọ adìyẹ dúdú wa ń dàgbà láìsí ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò, kòkòrò àti èérí ni wọ́n ń jẹ kiri. Ìyá ọkọ mi ló gba ọ̀rọ̀ náà rò. Òrí tí kò rẹ́ni rà kún ìkòkò nínú yàrá. Ó ní, “Ìyàwó, bí wọn ò bá ra òrí, ṣé wọn ò ní jẹ ohun tí a fi òrí dín?” A pa adìyẹ díẹ̀, a fi ata àti iyọ̀ pa á lára, a dín in. Mo gbé e lọ sí tésàn nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ máa ń dé. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yọ ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n ra gbogbo rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Mo sáré délé, mo fẹ́ pariwo láti ẹnu ọ̀nà, mo rántí pé ìyàwó tuntun ni mí, mo rọra wọlé.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ń dín in, èmi ń tà á, ìyá àgbà opó ń fún wa ní adìyẹ láti àgbàlá tirẹ̀. A san owó-orí.

Lọ́jọ́ kan mo wà ní tésàn, òyìnbó àgbẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú òyìnbó àgbà kan tí gbogbo ènìyàn ń bọ́ fìlà fún. Wòlé-wòlé ló wá pàdé wọn. Òyìnbó àgbẹ̀ rí mi, ó rí igbá mi, ó sọ Hausa sí wòlé-wòlé kíákíá. Wòlé-wòlé yíjú sí mi.

“Ó ní ṣé ilé tí àkùkọ ìjọba wà kọ́ ni ẹ ti wá? Ó ní ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ nìyí?”

Mo wo adìyẹ inú igbá. Bí a bá ti dín in tán, ta ló ń mọ̀ bóyá dúdú ni tàbí funfun? Mo rántí omi ojú tó ń bọ́ sínú àwo.

Mo ní, “Ẹ sọ fún un pé àwọn ni.”

Inú òyìnbó dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ mi. Ó nawọ́ sí mi, ó ń ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ń mi orí. Ó mú itan kan nínú igbá mi, ó jẹ ẹ́, ó yìn ín. Kò rántí pé títà ni mò ń tà á. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Bí ìjọba ṣe fi àkùkọ yọ mí nínú ìṣẹ́ nìyẹn, ọ̀gá ńlá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun tó sì tẹ̀ lé e ni pé wọ́n ní nígbà tí ìrànlọ́wọ́ ti yọrí sí rere, ó yẹ kí àwọn obìnrin tó ń tajà ní tésàn máa gba láísẹ́ǹsì.

A gbà á. Kí la fẹ́ ṣe? Wòlé-wòlé ò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti kọjá ní tésàn, á bá mi gbé igbá lé orí, á sì bi mí léèrè Baba.

Ọdún kejì rẹ̀ ni ìránṣẹ́ rélùwéè tó dé. Wọ́n ní kí ọkọ mi padà wá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ní tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí nǹkan ṣì le. Ó gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà síbi iṣẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní, “Mo rò pé wàá lè sinmi báyìí. Mo ti ríṣẹ́.”

Mo ń fi iyọ̀ pa adìyẹ lára lọ́wọ́. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ tó ń ti Kánò bọ̀ á dé láàárọ̀ ọ̀la. Ṣé ẹ ó lè bá mi gbé igbá kan dání bí ẹ bá ń lọ?”

Ó wò mí títí, ó ní òun á gbé e.